Ọ̀rẹ́ mi kò wá síbi ìsìnkú ìyá mi, owó ló fi ránṣẹ́. Ṣé ọ̀rẹ́ ṣì ni?

Aránṣọ Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti jẹ́ kòríkòsùn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí fríídọ̀mù mi kù sí dẹ̀dẹ̀ tí n kò tíì ní ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni mo ń fi rán aṣọ lóru. Òun á di tọ́ọ̀ṣì mú sókè abẹ́rẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n ọ́n, kò ní gbé e sílẹ̀ títí màá fi kan ìgbátí aṣọ tán. Ó lọ́kọ, wọ́n kó lọ sí Àbújá. A kò torí ìyẹn fi ara wa sílẹ̀. Ó bímọ, mo lọ. Mo bímọ, ó wá.

Ìyá mi wá papò dà. Ìyá tirẹ̀ náà ni, nítorí abọ́ kan náà la ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó sunkún lórí fóònù, ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ ìsìnkú pé, n kò rí i. Lọ́sàn-án, nígbà tí a ti ń gbé iyán fún àlejò, fóònù mi dún. ₦100,000 ti wọ àkáǹtì mi, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kò ju "Gba èyí, má bínú" lọ.

Owó náà wúlò, a fi san owó olóunjẹ. Àmọ́ ojú mi ń wá èèyàn láàárín èrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tí a kàn jọ ń kíra lọ́jà wá, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n fọ abọ́. Ẹni tí mo fi ṣe alábàárò kò sí níbẹ̀. Kí ni à ń pè ní ọ̀rẹ́ gan-an? Ṣé kí n máa bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, àbí kí n rọra yẹ̀ sẹ́yìn? Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀yìn Màmá á dára. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹni tí kò bá ẹni sin ìyá ẹni, ojúlùmọ̀ ni. Ẹ dúpẹ́ owó, kí ẹ fi í sí ipò rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rẹ́ kítíkítí, ìyekan kàtàkàtà; ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ kítíkítí bá kú, ìyekan kàtàkàtà ní ń gbé e sin. Ẹbí ló ni òkú. Ẹ má fi ohun tí ẹbí ń ṣe wá ọ̀rẹ́ kiri.

Awakọ̀ Ọ̀nà Àbújá:
Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìsánlú, rọra ṣe é. Èmi ló ń wa mọ́tò láti Àbújá gba Lọ́kọ́jà àti Ọ̀bàjànà wọ Kàbà. Kí a tó dá ẹni tí kò wá lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ì bá gbà.

Nígbà kan rí, èèyàn á kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, á wọ Kàbà lóru, á sìnkú lọ́jọ́ Sátidé, á padà lọ́jọ́ Àìkú. Ní báyìí, n kì í gbé èrò tó máa mú kí òkùnkùn ká mi mọ́ àárín Lọ́kọ́jà sí Kàbà. Ajínigbé ti gbé èèyàn lójú ọ̀nà wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo ti rí obìnrin kan ní gáréèjì tó ti sanwó mọ́tò, tó ti di ẹrù sí bùútù, tí ọkọ rẹ̀ pè é pé kó sọ̀kalẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀, ó fi ìdí ìborùn nu ojú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìsìnkú ló ń lọ. N kò sọ pé bí ti ọ̀rẹ́ yín ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ bi í.

Àgbẹ̀ Ìyámoyè:
Aránṣọ, ọmọ mi, o kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.

Mo fẹ́ gba ọ̀nà oko wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oko ni mo ti kọ́ èyí tí mo mọ̀ nípa èèyàn. Nígbà tí àwa wà ní géńdé, a ní àáró, a sì ní ọ̀wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pe méjèèjì ní ohun kan náà.

Nínú àáró, àwa mẹ́rin tàbí márùn-ún á kó ara wa jọ. Oko tèmi lónìí, oko tirẹ lọ́la, títí á fi kárí. Ebè la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí mo bá kọ igba ebè fún ọ, igba ebè lo máa kọ fún mi. Bí o bá kọ àádọ́jọ kí o tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n á bi ọ́ léèrè ìyókù. Ẹni tó bá ṣàìsàn á rán ọmọ rẹ̀ wá, tàbí kó san án nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àáró ló jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣoṣo lè dá oko ńlá.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ kọ́lé, tàbí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀, á ké sí àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n á wá, òun á pèsè iyán àti ẹmu. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ebè. Alágbára á ṣe títí, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á jókòó fa koríko, ẹlòmíràn orin ló máa dá tí iṣẹ́ fi máa yá. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn á bu òkèlè nínú rẹ̀. Ẹni tó dá orin kì í jẹ kékeré nítorí pé kò kọ ebè.

Èèyàn a máa pe àwọn tí wọ́n jọ wà nínú àáró ní ọ̀rẹ́, irọ́ kọ́. Àmọ́ bí ọ̀kan bá ti lọ tí kò padà, ó parí nìyẹn. Èyí tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe láti ìgbà tó ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú sókè abẹ́rẹ́, ọ̀wẹ̀ ni. Kò ka iye òru tó fi dúró. Ìsìnkú dé, ọ̀fọ̀ sì mú kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè. N kò bá ọ wí, bí ọ̀fọ̀ ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó o tó yẹ̀ sẹ́yìn, wò ó dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù díẹ̀ káàtó, àbí ó ti pẹ́ tó ti ń dẹwọ́ tí ojú rẹ kò fẹ́ rí i. Ìdáhùn méjèèjì kò jọra.

Aránṣọ Kàbà:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Kò tíì dẹwọ́ rí. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní Màmá Àbújá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí. Ká ní ẹlòmíràn ni, n kò ní kà á sí.

Awakọ̀, n kò tíì bi í. Láti ọjọ́ náà, "ẹ ṣeun" nìkan ni mo kọ sí i lórí WhatsApp. Èmi tí mo máa ń sọ "ìwọ" fún un.

Ìyá Mọ̀pà:
Háà. "Ẹ ṣeun" yẹn á ti dún un ju èébú lọ.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀.

Ìbéèrè tí ọmọ wa béèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ọlọ́gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Aristotle, ọdún 322 kí wọ́n tó bí Jésù ló kú. Ó rò ó jinlẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan wà nítorí àǹfààní, irú èyí tó wà láàárín oníṣòwò àti oníbàárà rẹ̀. Ìkejì wà nítorí ìgbádùn, bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe fàájì. Ìkẹta ni ti àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn nítorí ìwà, tí ọ̀kan ń fẹ́ ire fún èkejì nítorí èkejì náà fúnra rẹ̀. Ó ní ìkẹta yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí àwọn èèyàn kò lè mọ ara wọn títí wọ́n á fi jẹ iyọ̀ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pa á lówe nílẹ̀ wọn nìyẹn. Àwa tí à ń fi iyọ̀ súre lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kò ṣòro fún wa láti gbọ́ ọ yé.

Ohun méjì tó sọ ló kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, èmi sì ti rí òótọ́ wọn láàárín àwọn tí a jọ dàgbà. Ó ní ìjà ọ̀rẹ́ sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀kan rò pé oríṣi kan ni àwọn jọ ń ṣe, tí èkejì sì rò pé òmíràn ni. Kì í ṣe pé ẹnì kan burú. Ohun tí olúkúlùkù ń retí ni kò dọ́gba. Èkejì ni pé ó ní ibùsọ̀ tó jìnnà kì í pa ọ̀rẹ́. Ìṣe ọ̀rẹ́ ló ń dá dúró. Ṣùgbọ́n bí àìríra náà bá pẹ́ jù, ó lè mú kí ọ̀rẹ́ náà di ohun ìgbàgbé.

Àbújá sí Kàbà kì í ṣe òkè òkun. Àmọ́ wo ilẹ̀ wa láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀: bí ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ bá ti gbọ́n díẹ̀, Lọ́kọ́jà, Ìlọrin, Àbújá tàbí Èkó ni. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní tiwa, ọdún mẹ́wàá gan-an ti ń ṣòro. Ẹni tí ẹ bá jọ wà títí di àkókò yìí, tí ọmọ yín ń pè ní Màmá, má fi ọjọ́ kan ṣoṣo ta á nù.

Ọmọ Lọ́kọ́jà:
Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ọ̀fọ̀, àǹtí.

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Tíṣà sọ nípa àkókò, nítorí ó kan èmi náà. Ìlú tí n kò mọ ẹnikẹ́ni ni mo kó wá. Mo ní ọ̀rẹ́ tó lé ní 2,000 lórí Facebook, Facebook náà sì gbà kí ẹnì kan ní tó 5,000. Àmọ́ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, èrò inú ilé kejì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa ló se ẹ̀kọ fún mi. Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robin Dunbar, sọ láti ọdún 1992 pé bí ọpọlọ wa ṣe rí, nǹkan bí èèyàn 150 ni ẹnì kan lè mọ̀ débi pé kí wọ́n ní àjọṣe gidi. Àwọn tó súnmọ́ wa jù lọ nínú wọn, bí èèyàn 5 ni. Ẹlòmíràn, Jeffrey Hall ní yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde ní 2018 nípa àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú tuntun àti àwọn ọmọ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó rí i pé ó tó bí wákàtí 50 tí èèyàn méjì á jọ lò kí wọ́n tó kúrò ní ojúlùmọ̀ lásán, bí wákàtí 90 kí wọ́n tó pe ara wọn ní ọ̀rẹ́, ó sì lé ní 200 kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wákàtí ibi iṣẹ́ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ti ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ló ń ṣe é.

Àǹtí, bí ẹ bá ka òru tí ẹ fi ránṣọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan, ẹ ti kọjá wákàtí 200 tipẹ́tipẹ́. Èmi tí mo ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí màá bẹ̀rẹ̀ wákàtí kìíní pẹ̀lú rẹ̀, ó ń dùn mí bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ mi, lọ bá ẹni tó se ẹ̀kọ fún ọ. Béèrè orúkọ rẹ̀.

Ìyá Mọ̀pà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí ẹ ti fẹ́ẹ̀ fò ó. Àwọn kan ń sọ bí ẹni pé ẹni tó fowó ránṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan. ₦100,000 kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ obìnrin tó ń ránṣọ jẹun ní Àbújá. Ẹ ò mọ ohun tó tà kó tó rí i.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó èsúsú láàárín àwa obìnrin ọjà, ọ̀rẹ́ sì ni gbogbo wa. Ìlànà wa le, kò sì sí ojúsàájú nínú rẹ̀. Ojú gbogbo ayé la ti ń ka owó. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò. Ìbò la fi ń mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kó. Bí àìsàn tàbí owó ilé ìwé bá ká ẹnì kan mọ́, ó lè bẹ ẹni tó kàn pé kí wọ́n ṣe pààrọ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì gbọ́ sí i. Àwọn kan ní kí ni ìwé ń ṣe láàárín ọ̀rẹ́. Mo ní ìwé ni kò jẹ́ ká jà. Ohun tí Bàbá Ìyámoyè pè ní kíka ebè, ká a láìfi nǹkan kan sílẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ìgbà náà ni ọkàn á balẹ̀ láti má ka ìyókù.

Bí ọ̀rẹ́ bá wá yá owó lọ́wọ́ mi, èyí tí mo lè fi ta á lọ́rẹ láìdún mi ni mo máa ń fún un, màá sì sọ fún un pé ẹ̀bùn ni. Bó bá ju ìyẹn lọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi ọjọ́ sí i, ẹlẹ́rìí kan á mọ̀. Kí èèyàn yá ọ̀rẹ́ lówó láìdájọ́, kó wá máa wo aṣọ tuntun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni mo rí tó tú ọ̀rẹ́ ká jù lọ́jà wa.

Ọmọ Lọ́kọ́jà:
Ìyá mi, bó bá ti yá a tán láìkọ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní bí kajú bá ti so tí wọ́n tà á tán lóun máa dá a padà. Wọ́n ti ta kajú tán. A kì í tún kíra dáadáa mọ́.

Ìyá Mọ̀pà:
Lọ bá a nílé, má ṣe kọ ọ́ sí i lórí fóònù, má sì rán ẹlòmíràn. Bi í bí ọjà kajú ṣe lọ fún un lọ́dún yìí. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà fi owó tí kò tó nǹkan rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ló ń lé e fún ọ. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ iye rẹ̀ pàtó, kí o bi í iye tó lè máa san lóṣooṣù. Bó bá ní ₦2,000, gbà á. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ kì í sá fún ni.

Nọ́ọ̀sì Òkun:
Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí Aránṣọ. Iṣẹ́ ló jẹ́ kí n pẹ́ dé síbí.

Nílé ìwòsàn wa lápá ibí yìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gba bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa sáré ra oògùn, tó máa gbé oúnjẹ wá, tó máa lọ wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ẹbí ló pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ ojú mi ti rí ọ̀rẹ́. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí iṣẹ́ abẹ pẹ́ kó tó jiná lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kì í gbé owó wá, kò ní in. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Á gbé orí rẹ̀ lé itan, á máa fi ìlarun tú irun tó ti lọ́ra pọ̀, á fi ọwọ́ kejì di ìdí irun náà mú kó má baà fà á lára. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti ń dirun fún un báyìí, obìnrin náà á jẹun. Bí kò bá wá, abọ́ á padà bó ṣe dé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 148 jọ, àwọn èèyàn tó wà nínú wọn lé ní 300,000. Wọ́n rí i pé àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn lágbára, àǹfààní tí wọ́n ní láti wà láàyè títí ìwádìí fi parí fi 50% ju ti àwọn tí tiwọn kò lágbára lọ. Nígbà tí mo kà á, irun yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀rẹ́ púpọ̀ fẹ́ ṣe nǹkan, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Wọ́n á ní "bó o bá nílò nǹkan, pè mí". Aláìsàn kì í pè. Ọlọ́fọ̀ kì í pè. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe àti ìgbà tí ẹ máa ṣe é: "Mò ń bọ̀ lọ́la, màá gbé àwọn ọmọ lọ sílé mi." Ẹ̀yin tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí náà, ẹ fún ọ̀rẹ́ níṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ tààrà: ìwọ ni mo fẹ́ kó dúró tì mí níbi sàárè.

Alábòójútó:
Mo ti yọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ nípa àwọn obìnrin Àbújá. A kì í sọ irú ẹ̀ níbí, ọlọ́fọ̀ ló jókòó sáàárín wa.

Àgbẹ̀ Ìyámoyè:
Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yẹn wọ̀ mí lára. Aránṣọ, fetí sí mi. Má kọ nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, pè é kí ó gbọ́ ohùn rẹ. Má fi ọkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́jọ́, má sì kó ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn. Pè é ní orúkọ tí ẹ máa ń pe ara yín láti kékeré. Sọ pé: "Mo wá ọ lọ́jọ́ yẹn, n kò rí ọ, ó dùn mí." Kí o wá dákẹ́. Kí o má bá a wá àwáwí, kí o má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sunkún.

Ọmọ Ìsánlú:
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ṣé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló tún yẹ kó kọ́kọ́ pè?

Àgbẹ̀ Ìyámoyè:
Kò yẹ. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè, ojú sì ń ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ Kàbà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pè é ní àná lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo sọ ọ́ bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo sì dákẹ́. A wà lórí fóònù títí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo yá ti ọmọ iṣẹ́ mi pè é padà.

Ìdí tí kò fi wá, òun ló ni í, n kò ní gbé e síta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan. Mo sọ fún un pé inú ṣì ń bí mi díẹ̀, ó ní kí n bínú, ó tọ́ sí òun. Mo bi í ní ti owó náà, ó ní èsúsú tó kó ni, gbogbo rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ dá ìdajì padà, kò gbà.

Mo ṣe bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, mo fún un níṣẹ́. Ìrántí ọdún kan Màmá ń bọ̀. Òun ló máa yan aṣọ, òun ló máa gé e, èmi á rán an. Ó ní òun á dé kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló dára kí wọ́n kúrò ní Àbújá?

Awakọ̀ Ọ̀nà Àbújá:
Mọ́tò àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wọ̀, kó má ju aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ lọ. Kí wọ́n má gbà kí awakọ̀ kankan máa dúró gbé èrò lójú ọ̀nà lẹ́yìn Lọ́kọ́jà. Kó pè yín bí wọ́n bá ti kọjá Ọ̀bàjànà. Kó má wá ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, gáréèjì máa ń kún, mọ́tò á pẹ́ kó tó gbéra.

Ọmọ Ìsánlú:
Inú mi dùn sí i, àǹtí, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ n kò tíì kúrò níbi tí mo dúró sí pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó rọ́pò ẹsẹ̀, tí a sì ń retí pé kí ẹni tó wà nílé máa gba ti wa rò. Èmi náà ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Mo ti gba tirẹ̀ rò títí, kò wá síbi ìgbéyàwó mi, kò wá nígbà tí a sin bàbá mi, ọ̀nà sì dára nígbà náà. Bàbá Ìyámoyè, ẹ ní kí a wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni. Tèmi kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Àgbẹ̀ Ìyámoyè:
Tìrẹ kò jọ tirẹ̀, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ. Nínú ọ̀wẹ̀ náà, ẹni tí a ké sí títí tí kò jẹ́ rí, a kì í bá a jà. Bí a bá pàdé lọ́nà, a ó kí i dáadáa, a ó béèrè ọmọ rẹ̀. A kàn máa fi í sílẹ̀ láìké sí nígbà mìíràn ni.